Ẹranko Ẹlẹ́gùn-ún Kì Í Ṣe Ọ̀sìn Inú Yàrá

Ẹranko kékeré kan ń bẹ ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa tí ẹ̀gún bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí kì í sì í ṣe òòrẹ̀. Bí ewu bá dé, a ká ara rẹ̀ jọ di róbótó. Kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀. Òru ni ó sì ń rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn láti Nàìjíríà lọ tà ní Amẹ́ríkà.

Àwọn kan lè wí pé: bí àlejò bá ń sìn ín, kí ló dé tí àwa onílẹ̀ kò ní sìn ín? Èsì wa ni pé inú ilé ni a ti ń bí tiwọn láti ìrandíran. Tiwa, inú ìgbẹ́ ni a ó ti mú un. Síbẹ̀, ní ọdún 2012 àti 2019, àìsàn Salmonella ti ara rẹ̀ ran ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ìlú New York kò tilẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti sìn ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Pópó Àgùdà, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níbi tí ilé fara ti ilé, tí ọmọ wẹ́wẹ́ kún àgbàlá, níbo ni ẹranko òru yóò ti rìn? Ẹni tí ó bá fẹ́ ohun ọ̀sìn, ológbò ń bẹ. Yóò sì bá a pa eku.