Ẹrù Tí A Kọ̀, Owó Tí Kò Kọ̀ Wá

Láàrin àwọn lẹ́tà tí ó dé ọwọ́ wa ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀kan wà tí n kò lè fi pamọ́ di ìgbà mìíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti ń di ìjà nínú ilé. Ìlú Ìfọ́n, tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìlobùú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ó ti wá. Aya ọ̀dọ́ kan tí ó ti bí ọmọ méjì ni ó kọ ọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó di páálí kan fún àwọn ọmọ náà. Ó kó aṣọ tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti wọ̀ dàgbà kọjá sínú rẹ̀, ó fi bàtà tuntun méjì sí i, ó fi oògùn ibà olómi ti àwọn ọmọdé sí i, ó sì fi ọṣẹ olóòórùn dídùn kún un. Ó gbé e fún ilé-iṣẹ́ kan tí ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé ẹrù kánkán, ó san owó wọn, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ilé, nítorí pé ó fẹ́ kí ó yà wọ́n lẹ́nu. Ó sì yà wọ́n lẹ́nu lóòótọ́. Nígbà tí ẹrù dé Èkó, wọ́n tẹ ìyàwó láago pé kí ó san owó ibodè àti àwọn owó mìíràn kí wọ́n tó lè gbé e wá fún un. Owó tí wọ́n dá lé e ju owó oúnjẹ ilé náà fún oṣù kan lọ. Ó ní òun kò ní in, kí wọ́n máa gbé ẹrù wọn padà, ó sì pa fóònù. Òun náà rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé owó dé bá ẹ̀gbọ́n ọkọ ní Lọ́ńdọ̀nù: owó ibodè, owó ìpamọ́, owó ìdápadà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ pe ìyá ọkọ. Ìyá ọkọ pe ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní ọjọ́ náà kò ṣe é tẹ̀ sí ojú ìwé yìí. Ìbéèrè tí ó bi mí ni pé: "Mà, ẹrù tí n kò fi ojú rí, tí n kò fi ọwọ́ kàn, báwo ni mo ṣe jẹ gbèsè lórí rẹ̀?"

Ìlú Ìfọ́n tí ó ti kọ̀wé yìí ni ìlú Òrìṣà Olúfọ́n. Àwọn àgbà a máa sọ ìtàn bí òrìṣà náà ṣe fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, tí Ifá sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ ẹ́ sí lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù pàdé rẹ̀ tí ó ní kí ó bá òun gbé ẹrù rù, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ó sì fi epo, èédú àti àdín ba aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́. Òrìṣà fara dà á. Àwa kì í ṣe òrìṣà, ẹ̀yin ọmọ mi. Obìnrin lè kọ ẹrù. Ṣùgbọ́n kí a kọ ẹrù lẹ́nu lásán, kí a sì pa fóònù, èyí kò tíì tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó mú kí owó náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, oníbodè a máa jókòó sí ẹnubodè ìlú, a máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ọjà wọlé. Iṣẹ́ yìí ni Ilé-iṣẹ́ Aṣọ́bodè, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní kọ́sítọ́ọ̀mù, ń ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè wa lónìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò mọ̀ ni pé kì í ṣe iye ọjà nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n a ka owó tí a fi gbé e wá mọ́ ọn. Ká ní ọjà inú páálí jẹ́ ₦60,000, tí owó ọkọ̀ òfurufú sì jẹ́ ₦40,000, orí ₦100,000 ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí ọjà náà bá wà lára àwọn tí ń san 20 nínú 100, owó ibodè rẹ̀ di ₦20,000. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gba owó orí ọjà, VAT, tí ó jẹ́ 7.5 nínú 100, lórí ₦120,000, èyí tí í ṣe ₦9,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦29,000 lórí ọjà ₦60,000, a kò sì tíì ka àwọn owó kéékèèké mìíràn àti owó iṣẹ́ ẹni tí ó bá wa gbà á jáde. Ẹ̀bùn tí ó wúwo tí kò sì níye lórí ni ó máa ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀ jù.

Ọ̀nà méjì ni ẹrù máa ń gbà wọlé wá, ọ̀tọ̀ sì ni òfin tí ó de ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kìíní ni ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ Àgbáyé, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Bern ní ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1874, tí Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1961, ni ó ṣe òfin tí gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Olùfiránṣẹ́ ní láti kọ ohun tí ó wà nínú ẹrù àti iye rẹ̀ sínú ìwé kan, CN22 fún ẹrù kékeré, CN23 fún èyí tí ó tóbi. Nígbà tí ó bá ń fi páálí ránṣẹ́, wọn yóò tún bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n ṣe bí ẹni tí ó ni ín kò bá gbà á: ṣé kí wọ́n dá a padà ni, tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn, tàbí kí wọ́n kà á sí ohun tí a ti pa tì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ibẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí owó ìdápadà bá ju iye ẹrù lọ, ó sàn kí a pa á tì. Òfin ẹgbẹ́ náà sì sọ pé bí ẹrù bá padà sí ibi tí ó ti wá, kí ilé ìfìwéránṣẹ́ bẹ àwọn aṣọ́bodè pé kí wọ́n pa owó ibodè rẹ̀ rẹ́. Owó ìdápadà nìkan ni ó máa ń ku olùfiránṣẹ́ kù, àti owó ìpamọ́ bí ẹrù bá ti pẹ́ nílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ń gbé ẹrù kánkán, ọ̀nà yìí ni páálí Ìfọ́n gbà wá. Kí ẹrù má bàa dúró, àwọn wọ̀nyí a máa san owó ibodè fún ìjọba ṣáájú, wọn a sì wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ẹrù. Olùfiránṣẹ́ ni ó bá wọn ṣe àdéhùn, ó sì sábà máa ń wà nínú àdéhùn náà, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín, pé bí ẹni tí a fi ẹrù ránṣẹ́ sí bá kọ̀ láti sanwó, ọ̀dọ̀ olùfiránṣẹ́ ni wọn yóò padà sí. Ìdí nìyí tí ìwé owó fi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí kò wá sí Ìfọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ra ọjà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù òkèèrè, ṣọ́ọ̀bù náà lè yọ gbogbo owó wọ̀nyí kúrò nínú èyí tí yóò dá padà fún yín.

Nítorí náà, ọjọ́ ni gbogbo ẹjọ́ yìí rọ̀ mọ́. Ọjọ́ wo ni obìnrin kọ ẹrù? Ọjọ́ wo ni wọ́n san owó ibodè fún ìjọba? Bí ó bá jẹ́ pé ó ti kọ ẹrù kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan, kí ni wọ́n fi ń béèrè owó ibodè? Ẹ béèrè fún ìwé-ẹ̀rí ìsanwó tí ó ti ọwọ́ ìjọba wá, kì í ṣe ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti san án lóòótọ́, tí ẹrù sì ń padà lọ, ẹ sọ fún wọn nínú ìwé pé kí wọ́n béèrè owó náà padà lọ́wọ́ ìjọba. Bí wọ́n bá di etí, Àjọ FCCPC, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà, ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ẹrù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n bá pè yín, ìbáà ṣe lórí fóònù. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Èmi tí orúkọ mi wà lórí ẹrù yìí kò gbà á. N kò tú u. Ẹ má ṣe san owó ibodè kankan lórúkọ mi. Ẹ bi olùfiránṣẹ́ bóyá kí ẹ dá a padà tàbí kí ẹ pa á tì." Ẹ fi nọ́ńbà ẹrù àti ọjọ́ sí i, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó fi ẹrù ránṣẹ́, ẹ má sì pa á rẹ́. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gba ẹrù, tàbí tí ẹ ti tú u, ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ti kọjá nìyẹn.

Ohun kan wà nínú páálí yẹn tí ó bà mí lẹ́rù ju owó lọ. Aṣọ àlòkù wà lára àwọn ohun tí ìjọba wa kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Oògùn paracetamol, ìbáà ṣe oníhóró tàbí olómi, wà níbẹ̀. Ọṣẹ tí a ti dì fún títà náà wà níbẹ̀. Ẹrù èèwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ibodè mọ́, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n yín lókè òkun kí wọ́n tó di ẹrù. Ẹ sì tún sọ ti ìrọ̀rùn fún wọn: láti ọjọ́ 8 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2025 ni Ilé-iṣẹ́ Aṣọ́bodè ti kéde pé ẹrù kékeré tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 300 lọ, tí kì í sì í ṣe èèwọ̀, kò ní san owó ibodè, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàrin ọdún kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àdìrẹ Òṣogbo fún àwọn ará òkèèrè, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín láti ìhà kejì. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 800 lọ a máa wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè; ní ọjọ́ 29 oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ dá àǹfààní náà dúró fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Oníbàárà tí kò mọ̀ yóò kọ ẹrù yín, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n yóò sì ti wá gba owó. Kí ẹ tó dì í, ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ pé òun ni yóò san owó ibodè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn tí kò ju pọ́n-ùn 39 lọ kì í san owó orí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí èyí kọ "ẹ̀bùn" sí ara ohun tí ẹ tà.

Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tí ẹ kàn bá pàdé lórí fóònù, bá sọ pé òun fi páálí góòlù ránṣẹ́ sí yín, tí "aṣọ́bodè" kan sì ní kí ẹ san owó sí àpò ìfowópamọ́ tirẹ̀, kò sí páálí níbì kankan. Aṣọ́bodè kì í gba owó ìjọba sínú àpò ara rẹ̀.

Ní ti ọmọ mi ti Ìfọ́n, mo kọ̀wé sí i pé kí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ pe àǹtí fúnra wọn, kí wọ́n má rán ìyá sí i. Kí ó kọ́kọ́ dúpẹ́, nítorí pé ìfẹ́ ni ó di páálí yẹn. Kí ó tọrọ gáfárà pé òun pa fóònù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, owó ìdápadà jẹ́ ti àǹtí, nítorí pé òun ni ó ṣe àdéhùn. Owó ìpamọ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyàwó fi dákẹ́ yẹ kí ilé Ìfọ́n fi ọwọ́ kún un. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má san owó ibodè títí ìwé-ẹ̀rí ìjọba yóò fi dé.

Ó ti dá mi lóhùn. Àǹtí fi ẹ̀dà ìwé owó náà ránṣẹ́ sí wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ìlà kan wà níbẹ̀ fún owó ibodè, ṣùgbọ́n kò sí ìwé-ẹ̀rí kankan pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti jọ kọ̀wé béèrè rẹ̀, wọ́n sì ń retí èsì.