Ta Ni Kí A Fi Sí Ẹ̀yìn?

 Láti Onitsha ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí ooru ti mú débi pé a ti gbé ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́ jáde sí ìta gbangba. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Àwọn kan nínú yín ti mọ ibi tí mò ń lọ, torí ojú yín ló ṣe nínú gúrúùpù WhatsApp ìjọ.

Ìbéèrè kékeré kan ló dá a sílẹ̀. Arákùnrin wa kan ní Houston béèrè pé, nínú gbogbo àwọn tó ti gbá sẹ́ńtà-báàkì fún Nàìjíríà, àwọn méjì wo la máa mú? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdáhùn ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Keshi ni, Yobo ni, Uche Okechukwu ni, Troost-Ekong ni. Ìyàwó ilé wa kan, ọmọ Ígbò tí ọmọ wa fẹ́, tó ti ń bá wa jọ́sìn níbí ju ọdún mẹ́wàá lọ, kọ orúkọ Christian Chukwu. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Manchester dá a lóhùn pé, "Ẹni tiyín náà kúkú lẹ máa mú." Àwọn mìíràn fi ẹ̀rín sí i. Nígbà tó di òru, ìyàwó wa jáde kúrò nínú gúrúùpù. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn jáde ni.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé eré ni. Èmi ò gbà pé eré ni. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá sí àríyànjiyàn yẹn gan-an, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì rò pé a ò bá a jiyàn dáadáa.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹni tó ń gbá iwájú la fi ń wọn ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn. Ẹni iwájú, ẹ ó ka góòlù rẹ̀, ó parí. Ẹni ẹ̀yìn ńkọ́? Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí kò dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé, ta ló ń kà á? Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ayé máa mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà ìjọ wa níbí kò yàtọ̀. Ọdún gorí ọdún, a ò dárúkọ wọn rí nígbà ìkéde. Òru tí àwọn olè gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa lọ, gbogbo ìjọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé níbo ni bàbá wà.

Ẹ wo Godwin Odiye. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1977, ní pápá ìṣeré ńlá Surulere, Nàìjíríà ń bá Tunisia du ààyè ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti 1978. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọ iwájú ilé wa, Odiye fẹ́ fi orí lé e jáde, ó sì fi orí kàn án wọ àwọ̀n wa. Góòlù kan ṣoṣo yẹn ló parí ọ̀rọ̀. Tunisia lọ sí Argentina. Àwa ò rí ife ẹ̀yẹ àgbáyé lọ títí di 1994 ní Amẹ́ríkà. Àwọn bàbá yín tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà lè sọ ibi tí wọ́n jókòó sí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè bọ́ọ̀lù kan péré tí Odiye gbà lẹ́sẹ̀ ọ̀tá kó tó di ọjọ́ yẹn. Mo ti bi mẹ́ta nínú wọn, wọ́n wo ojú mi ni.

Èyí tó ṣojú tiwa náà ńkọ́? Ní 2024, ní Côte d'Ivoire, akọ́nimọ̀ọ́gbá José Peseiro to sẹ́ńtà-báàkì mẹ́ta sẹ́yìn: Semi Ajayi, William Troost-Ekong àti Calvin Bassey. Ẹ gbọ́ ibi tí wọ́n bí wọn sí: Ajayi ní Crayford nítòsí London, Troost-Ekong ní Haarlem ní Netherlands, Bassey ní Aosta ní Ítálì. Ọmọ ẹ̀yìn odi ni wọ́n, bí àwọn ọmọ tiyín. Equatorial Guinea jẹ góòlù kan sí wa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Côte d'Ivoire, Guinea-Bissau, Cameroon, Angola: ẹgbẹ́ mẹ́rin tẹ̀ léra, kò sí èyí tó rí àwọ̀n wa. Lookman là ń yìn, ó sì tọ́ sí i, góòlù mẹ́ta ló jẹ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Cameroon àti ti Angola. Àmọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, 1-0 la fi borí. Ẹni tó jẹ ẹyọ kan yẹn, a mọ̀ ọ́n. Ta ló ṣọ́ òdo yẹn?

Ọjọ́ Ìsinmi ni àṣekágbá bọ́ sí, ọjọ́ 11 oṣù kejì. A gbé aṣọ funfun kọ́ sára ògiri ìjọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Ní ìṣẹ́jú 38, Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Côte d'Ivoire, àwọn ìyá ìjọ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ́fúsáìdì dìde jó. Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú 62. Ní ìṣẹ́jú 81, Haller na ẹsẹ̀ síwájú Troost-Ekong, ó di 2-1. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo pé, "Ó ti tà wá!" Ọkùnrin tí wọ́n mú ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Alex Iwobi ni wọ́n dojú kọ, wọ́n bú u títí tó fi yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Ahmed Musa bọ́ síta, ó bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ó wá kan Christian Chukwu. Mi ò tíì dé ayé nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, òun ni màá kọ́kọ́ mú. Òun ni balógun ikọ̀ wa ní 1980 nígbà tí a kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Èkó. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, góòlù kan ṣoṣo ló wọ àwọ̀n wa, Tanzania ló jẹ ẹ́. Côte d'Ivoire, Íjíbítì, Morocco, Algeria, kò sí èyí tó rí nǹkan kan. Ikọ̀ 2024 tí mo yìn lókè yìí, góòlù mẹ́rin ló wọlé wọn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn jiyàn lórí ìyẹn.

Ẹ rántí pé ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ní 1977, IICC ti Ìbàdàn àti Rangers ti Enugu pàdé nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, nígbà tó ku ìpele kan kí ó kan àṣekágbá. Ọdún méje ni ogun abẹ́lé parí. Odegbami àti Muda Lawal wà lápá kan, Chukwu wà lápá kejì. Wọ́n gbá a ní Èkó, kò sẹ́ni tó jẹ góòlù. Wọ́n gbá a ní Kàdúná, kò sẹ́ni tó jẹ góòlù. Pẹ́náritì ni Rangers fi borí. Tó bá jẹ́ pé WhatsApp ti wà nígbà yẹn, mo rò ó wò, ó bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, aṣọ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Tunde Bamidele wà lẹ́yìn pẹ̀lú Chukwu, Best Ogedegbe ló ṣọ́lé, Odegbami jẹ góòlù méjì, Muda Lawal jẹ ẹ̀kẹta. Nígbà tí Chukwu gbé ife yẹn sókè, ẹ̀gbọ́n, ẹni ta ni?

Ìlú tí mo wà yìí, Ajàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn, ló mú ìyìn rere dé ibẹ̀ ní 1857, tó sì fi John Taylor, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ígbò, sílẹ̀ pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Wọn kì í ṣe onítẹ̀bọmi bíi tiwa, àmọ́ n kò gbọ́ pé ẹnì kankan sọ "tiyín" fún ẹnì kejì.

Mo lọ kí ìyàwó wa ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Ochanja lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gbé àga fún mi, ó ra ohun tútù. A sọ̀rọ̀ lórí ọjà, lórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Èmi ni mo béèrè. Ó ní bàbá òun a máa wọ mọ́tò lọ sí Enugu torí kí wọ́n lè wo Chukwu nìkan, pé nínú ilé wọn, ọmọ tó bá dúró ṣinṣin nígbà wàhálà, "Chairman" ni bàbá ń pè é, orúkọ tí wọ́n ń pe Chukwu. Chukwu kú ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún kan náà. Bàbá rẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ sínú gúrúùpù yẹn. Ẹ̀yà rẹ̀ lẹ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester, mi ò dárúkọ yín, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní i lọ́kàn láti ṣe é léṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú gúrúùpù. Ẹ pè é. Ó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tó bá di agogo méje alẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó pè é o, torí ó mọ bọ́ọ̀lù jù yín lọ.