Ta Ló Sọ Pé Ọjà Tiwa Kò Nítàn?

Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń gbé ní Ìgàndò fi àwòrán tó yà ní Burlington Arcade, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, hàn mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé ni, tí ìṣọ̀ tò sí lọ́tùn-ún lósì. Ọdún 1819 ni wọ́n ṣí i, ó sì ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ títí dòní. Ọmọ náà ní, "Ẹ ò rí i, sà, ọjà àwọn Òyìnbó nítàn!" Mo bi í pé kí ló mọ̀ nípa ọjà Ìkòtún tó ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjà lásán nìyẹn, sà."

Ọ̀rọ̀ "lásán" yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí.

Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló wó Ilojo Bar ní Tinúbú, ní Erékùṣù Èkó. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ilé náà ní àrà ti Bùràsíìlì, ó sì ti ṣe ilé ọtí àti ilé oúnjẹ rí. Ní 1956, wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún lábẹ́ ààbò òfin, wọ́n wó o palẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó là ń wá, ilé àtijọ́ kì í mówó wọlé. Irọ́ gbáà ni. Burlington ṣì ń gbowó ìṣọ̀. Ogbó rẹ̀ gan-an wà lára ohun tó ń fa èrò wá síbẹ̀. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

N kò ní kí ọjà wa máa wà nínú ẹrẹ̀ o. Ẹ tún un ṣe, ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìtàn ọjà tiwa kò sí lára ògiri nìkan. Ẹnu àwọn tó ń ná an ló pọ̀ sí jù. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà ọrọọrún ń padà, nítorí pé àwọn bàbá wa a máa ka ọjọ́ ọjà tòní mọ́ ọn. Inú ọjà ni ìṣirò náà ń gbé. Níbi tí wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ ọjà lára, ta ni yóò dúnàádúrà? Ta ni yóò bèèrè èènì lọ́wọ́ ẹ̀rọ? Ta ni yóò kí agbowó inú plaza pé, "Ajé á wọgbá o"? Bí ìlò bá lọ, ọ̀rọ̀ yóò bá a lọ.

Nínú ètò ìkànìyàn 2006, wọ́n ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Bí ẹnì kan péré nínú ẹgbẹ̀rún bá jókòó ti ìyá àgbà kan nínú ìṣọ̀, tó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ tòun ti àmì ohùn, a ó ní akọ̀wé ọjà tó lé ní 1,200. Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Mo ti rán akẹ́kọ̀ọ́ mi padà sí Ìkòtún tòun ti ìwé àti gègé. Ẹ̀yin ńkọ́?