Ilé Ìwádìí Àjùmọ̀lò ní Ìkẹjà

Ilé ìwòsàn kékeré tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1955 ti di ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn kò jìnnà sí wọn. Èrò wa ni pé ó yẹ kí gbogbo wọn jùmọ̀ ní ilé ìwádìí kan.

Ẹ̀rọ rírà nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan lè fi owó ìrànlọ́wọ́ ra ẹ̀rọ, kí ó tì í mọ́ yàrá rẹ̀. Bí owó bá tán, ta ni yóò tún un ṣe? Fíríìsà tí a ń kó ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí gbọ́dọ̀ tutù tó ìwọ̀n 80 sí ìsàlẹ̀ òdo. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lè bàjẹ́ lóru ọjọ́ kan. Ará Ìkẹjà kò fẹ́ àlàyé lórí èyí.

Ẹ wo Ẹdẹ. Nígbà tí àrùn Kòrónà wọ ilẹ̀ wa ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ni wọ́n kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò náà ní Áfíríkà, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láti ara aláìsàn tí a yẹ̀ wò ní Èkó ni wọ́n ti rí i.

Kí ilé iṣẹ́ oògùn san owó àyẹ̀wò, kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ gbọ́ bùkátà iná àti ti àwọn atúnẹ̀rọṣe. Ọ̀ràn kọ́kọ́rọ́ ni ó le jù. A kò fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka kankan. Alábòójútó tí kì í ṣe olùkọ́ ni kí ó mú un, kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ sì kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.