Ẹ Má Ra Ámpù Nítorí Ohun Tí Wọ́n Kọ Sára Páálí

Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọjà Alaba láti ra ampilifáyà, tí gbogbo wa ń pè ní ámpù, ìbéèrè kan ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu ọlọ́jà àti oníbàárà: "Wáàtì mélòó ni?" Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bá jà. Òun ló ń jẹ́ kí owó tí àwọn òbí wa dá jọ di èéfín.

Ìbà Housing Estate ni mò ń gbé, ọ̀kan lára àwọn ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ fún ará ìlú. Alaba kò jìnnà sí wa rárá. Ó yẹ kí àwa ọmọ Òjó, Ìbà àti Okokomaiko mọ ọjà náà ju ẹni tó ti Ìlọrin wá lọ. Síbẹ̀, páálí la fi ń ra ẹrù bíi tiwọn.

Ní ọdún tó kọjá, ilé-ìwé tí àbúrò mi ń lọ gba owó lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan láti ra ẹ̀rọ fún àpéjọ òwúrọ̀. Ámpù tí wọ́n gbé dé, 5,000 wáàtì ló wà lára páálí rẹ̀. Sípíkà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ óòmù 8, ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ojú ìsowáyà kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ eré ìdárayá, kí àwọn ọmọ tó sáré dé ìdajì ọ̀nà, ámpù gbóná, ó rùn, ó dákẹ́. Àwọn kan ní ayédèrú ni ọlọ́jà tà fún wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, bí wọ́n ṣe so ó ti tó láti pa á.

Óòmù ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Georg Simon Ohm, ará Jámánì, ló gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1827. Bí óòmù bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tí sípíkà ń fà lára ámpù ṣe ń pọ̀ tó. Ká ní ámpù ń gbé fóòtì 20 jáde. Sípíkà óòmù 8 yóò fa ámpíà 2.5, ìyẹn wáàtì 50. Óòmù 4 yóò fa ámpíà 5, wáàtì 100. Óòmù 2 yóò fa ámpíà 10, wáàtì 200. Sípíkà óòmù 8 mẹ́rin tí a so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, óòmù 2 ni gbogbo wọn dà. Ẹrù ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n dì lé ẹnì kan lórí. Bí wọ́n bá ti so méjì tẹ̀léra, kí wọ́n so méjì yòókù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá so ọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, óòmù 8 ni ì bá jẹ́. Wáyà díẹ̀ péré ni ì bá ná wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òfin yìí wà nínú físíìsì tí à ń kọ́ ní ilé-ìwé girama. V = IR wà lójú pátákó, ó wà nínú ìdánwò WAEC, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù kí a lò ó ní pápá, a gbé e sílẹ̀ sí kíláàsì.

Ní ti 5,000 yẹn, ẹ yí ẹ̀yìn ámpù síwájú. Ibẹ̀ ni òótọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 5,000 sára páálí rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì sọ pé wáàtì 150 ni yóò máa gbà lára iná ilé. Níbo ni yóò ti rí ìyókù? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, nǹkan bí wáàtì 650 ni agbára rẹ̀. Òun kan náà ló ń gbé ámpù "5,000" yìí pẹ̀lú gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, tí kò sì kú. PMPO ni wọ́n ń pe irú wáàtì bẹ́ẹ̀. RMS ni kí ẹ béèrè, òun ni iye tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró.

Àwọn sípíkà kan wà tó nira láti gbé ju ti ilé-ìwé lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lò wọ́n ni mo sì ti rí ìbéèrè tó sàn jù. Sípíkà pẹlẹbẹ ni wọ́n. Wọn kò ní kóònù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló ń mì nínú férémù tó dúró bí ilẹ̀kùn. Ilé-iṣẹ́ Peter Walker ní England gbé Quad tirẹ̀ jáde ní 1957. Jim Winey dá Magnepan sílẹ̀ ní Minnesota, Amẹ́ríkà, ní 1969. Ọ̀pọ̀ ti Magnepan wà ní nǹkan bí óòmù 4, ohùn wọn kì í sì í tètè ròkè. Ẹni tó bá fẹ́ ra ámpù fún wọn kì í dúró lórí "wáàtì mélòó". Yóò ní: "Mélòó ní óòmù 8? Mélòó ní óòmù 4?" Bí ó bá jẹ́ 100 ní óòmù 8, tó sì sún mọ́ 200 ní óòmù 4, ámpù náà ní iná nínú. Bí ó bá jẹ́ 110 péré, èémí rẹ̀ ti ń tán.

Yóò tún béèrè bí sípíkà ṣe ń sọ̀rọ̀ sókè tó. Èyí tó ń fún wa ní dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 96 láti ara wáàtì 1, àti èyí tó ń fún wa ní 86, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́: wáàtì 10 ni èkejì ń fẹ́ kí ohùn wọn tó dọ́gba. Nítorí náà, sípíkà tí a bá fi ọgbọ́n yàn lè gbà wá lọ́wọ́ ámpù ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni ámpù kékeré lè pa sípíkà ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́. Bí a bá yí ohùn rẹ̀ sókè ju agbára rẹ̀ lọ, yóò máa gé orí ìró kúrò, tùítà ni yóò sì kọ́kọ́ jóná. Àwọn àgbà ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta ẹ̀rọ ní Alaba sọ fún mi pé, "Àbúrò, bí wọ́n bá kọ 100 sára páálí, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi?" Mi ò lè bá a jiyàn. Àwa oníbàárà la ń fi owó wa bẹ ọlọ́jà pé kó parọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní óòmù jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnjiníà nìkan, òun ni mo ń bá wí. Ìyá mi tó ń ta aṣọ mọ ìyàtọ̀ láàárín yáàdì àti ojúlówó aṣọ. Kò sí ẹni tó ní kó lọ yunifásítì kó tó mọ̀ ọ́n.

Ní ìpàdé PTA tó ń bọ̀, wọn yóò tún dá owó ámpù. Màmá mi ti gbà láti dìde béèrè ta ni yóò lọ rà á, bóyá olùkọ́ físíìsì yóò bá wọn lọ, àti bóyá wọn yóò fi mítà tó wà nínú láábù wọn sípíkà wa kí wọ́n tó kúrò nílé. Mítà náà yóò ka nǹkan bí 6 fún sípíkà óòmù 8. Kí wọ́n má ṣe rò pé ó ti bàjẹ́. Bó ṣe máa ń kà á nìyẹn.