Àwọ̀ Ẹ̀dọ̀, Àwọ̀ Ẹ̀mí

Bí a bá dúró níwájú alápatà ní Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀ wa yìí, àwọ̀ ẹ̀dọ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Bí ó bá ń dán, a ó rà á. Bí ó bá ti ṣá, a ó kọjá.

Àwọ̀ náà ni àwọn onímọ̀ ń wò nínú yàrá ìwádìí. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ọ́síjìn lọ fún ẹ̀dọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní NADH a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí sí i, èròjà yìí a máa tàn bí aró. Bí títàn náà bá ti pọ̀ jù, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ń ṣàìní. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá sì padà, ìpalára tún lè pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ìyá ìkókó tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè farapa láìjẹ́ pé ó dùn ún. Kò sí ìmọ́lẹ̀ àwọn onímọ̀ nílé wa. Ojú wa nìkan ló wà níbẹ̀. Bí aṣọ bá ń rin gbingbin léraléra, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ̀dọ̀ kì í ké. Ẹ̀yin ni kí ẹ ké fún un.