Wárápá ni àbí ó dákú?

Ènìyàn ṣubú lọ́jà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ariwo ti sọ: wárápá ni! Àwọn kan ń sá fún ìfófòó ẹnu, ẹlòmíì ń wá ṣíbí tí yóò tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi tẹ́ ẹ.) Bẹ́ẹ̀ ẹni tó kàn dákú náà lè gbọ̀n díẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ lè ṣe ẹlẹ́rìí. Bí wárápá ńlá bá gbé ènìyàn, gbogbo iṣan rẹ̀ a ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, èròjà kan tó ń jẹ́ lactate a sì ga sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í pẹ́ tó fi ń wálẹ̀: láàárín wákàtí 2 lẹ́yìn ìṣubú ló yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Èròjà mìíràn, creatine kinase, ní tirẹ̀ kì í tètè dé; ó lè di ọjọ́ kejì kó tó hàn dáadáa. Prolactin, tó jẹ́ họ́mọ̀nù, ńkọ́? Ní 2005, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà sọ pé kò lè ya wárápá sọ́tọ̀ sí dídákú, torí ó ń ga nínú méjèèjì.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó, a gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ wárápá ti tú àdéhùn ìgbéyàwó ká, ó ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Kí ilé ìwòsàn tó kọ ọ́ sínú fáìlì, kí wọ́n bi ẹni tó gbé aláìsàn wá: aago mélòó ló ṣubú, ṣé orí ìdúró nínú oòrùn ló wà, ṣé ojú rẹ̀ kọ́kọ́ funfun?